Wọ́n ní kí n gbàgbé bàbá mi

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi ni mo wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì ní Mile 2. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí: “Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?” Mi ò rí èsì gidi kan fún wọn.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo débẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, Dádì ló mú mi lọ. Wọ́n fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà hàn mí, èyí tí àwọn míṣọ́nárì kọ́ parí ní 1845. Lẹ́yìn náà, a wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, a wá ń fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn lọ sí etí òkun, níbi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return. Oòrùn mú, inú ń bí mi.

Kànga kan wà lójú ọ̀nà yẹn. Dádì dúró. Wọ́n ní ìtàn sọ pé àwọn olówò ẹrú máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Wọ́n wá bi mí: “Ṣé o rò pé wọ́n gbàgbé lóòótọ́?”

“Mi ò mọ̀, Dádì. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, òùngbẹ ń gbẹ mí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ra àgbọn fún mi.

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi padà. Ẹ wò ó, a sin bàbá mi dáadáa: aṣọ ẹbí, ìrẹsì, olórin. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn èèyàn fi ń sọ fún mi pé, “Ó ti tó o, gbàgbé.” Ẹnì kan tí mò ń bá ṣiṣẹ́ tiẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì pé iṣẹ́ òun dà. Mo kàwé òfin, èmi ni mo kọ ohun tí Dádì fi sílẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù: ilé, mọ́tò, owó báńkì. Kò síbi tí wọ́n ti ń kọ ẹ̀rín èèyàn sí níbẹ̀.

Mo dúró ti kànga náà. Ọmọkùnrin tó ń mú àlejò kiri sọ ìtàn kan náà, ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún. Mo ti wá mọ èsì báyìí. Wọn ò gbàgbé. Títí dòní, ní Brazil àti Cuba, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ṣì ń kọrin sí Ṣàngó àti Yemọja ní èdè tiwa. Omi kànga ò ràn wọ́n.

Nítorí náà, tí òbí ọ̀rẹ́ ẹ bá kú, jọ̀ọ́, má sọ fún un pé kó gbàgbé. Bi í pé, “Irú èèyàn wo ni bàbá ẹ?” Lẹ́yìn náà, jókòó, kó o gbọ́ ọ tán.