Ilé tí ń lo agbára oòrùn ní Johannesburg

Ilé tí ń lo agbára oòrùn ní Johannesburg, ní Gúúsù Áfríkà, máa ń kọjú fèrèsé ńlá sí àríwá, nítorí pé ìlú náà wà ní gúúsù ìlà agbedeméjì ayé. Ní oṣù Kẹfà, nígbà òtútù, oòrùn ọ̀sán máa ń rẹlẹ̀, ó sì ń wọ yàrá. Ní oṣù Kejìlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àtàrí, òrùlé tí ó yọ síta sì ń ṣíji bo fèrèsé. Ní 2023, ìjọba dín owó-orí kù fún ẹni tí ó ra pánẹ́ẹ̀lì tuntun, ṣùgbọ́n kò kan bátìrì. Bẹ́ẹ̀ bátìrì ni ó ń tan iná lóru nígbà tí Eskom, ilé-iṣẹ́ mànàmáná ìjọba, bá pa iná. Ooru tí ògiri bíríkì gbà lọ́sàn-án kò nílò èyíkéyìí nínú wọn.