Ta Ló Ń Yẹ Jẹ́ẹ̀tì Kékeré Wò Kó Tó Gbéra?

Bí a bá dárúkọ ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí, drone ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, èyí tí wọ́n fi ń ya fídíò níbi ìgbéyàwó àti níbi Ojúde Ọba. Irú mìíràn wà tó le jù ú lọ: jẹ́ẹ̀tì kékeré. Òmíràn gùn ju mítà 2 lọ. Kẹrosíìnì ló ń jó nínú ẹ́ńjìnnì turbine rẹ̀, ó sì lè sá ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá já lé èèyàn lórí, ikú ni.

Ìdí nìyẹn tí ipò olùyẹ̀wò fi wà láwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fò ó tipẹ́. Olùyẹ̀wò yìí kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọmọ ẹgbẹ́ ni, ẹni tó ti kọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, tó ti fò ó, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fọkàn tán. Iṣẹ́ tí VIO ń ṣe fún mọ́tò lójú títì ló ń ṣe fún jẹ́ẹ̀tì, àmọ́ tirẹ̀ jinlẹ̀ ju ká kàn yẹ iná àti táyà wò lọ.

Ọdún 1983 ni ọkọ̀ kékeré tó ń lo turbine kọ́kọ́ fò, ní Bìrìtéènì, láti ọwọ́ Gerald Jackman àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é. Kurt Schreckling, ará Jámánì, wá fi hàn lẹ́yìn náà pé èèyàn lè fi irinṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lásán kọ́ turbine, ó sì kọ ìwé lé e lórí. Bí eré yìí ṣe ń gbilẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ń ṣòfin. Ní Amẹ́ríkà, AMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fò ọkọ̀ òfuurufú kékeré, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1936, kì í jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn kàn ra turbine kó sì máa fò ó. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fò ó lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ní Bìrìtéènì, bí ọkọ̀ bá wúwo ju kílò 25 lọ, olùyẹ̀wò LMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ kékeré tó tóbi, máa ń wá wò ó nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, kí wọ́n tó bo ara rẹ̀. Ohun tó lè já ọkọ̀ bọ́ máa ń fara pa mọ́ tí wọ́n bá ti bò ó tán.

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú olùyẹ̀wò ń wá ni servo. Òun ni ẹ̀rọ tó ń yí àwọn abala apá àti ìrù tó ń darí ọkọ̀: aileron, elevator, rudder. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 ní gígùn àti 2 ní fífẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ló di ẹ̀mí ọkọ̀ mú. Bí turbine bá kú lókè, awakọ̀ tó mọṣẹ́ ṣì lè rọra gbé ọkọ̀ rẹ̀ balẹ̀. Bí servo elevator bá kú, ó di kó máa wò ó.

Wọ́n máa ń kọ agbára servo sára páálí rẹ̀, bíi 25 kg·cm. Servo bẹ́ẹ̀ lè fa kílò 25 bí apá tí wọ́n so mọ́ orí rẹ̀ bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan. Bí apá náà bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2, kílò 12 àti ààbọ̀ ló kù. Eré ọkọ̀ ló wá ń da ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti elevator padà á di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ó di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Servo tó ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ọkọ̀ onípùròpélà lè má lè mi elevator jẹ́ẹ̀tì rárá. SG90 aláwọ̀ búlúù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe robot, oní-gíìrámù 9 tí gíà rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Agbára nìkan kò tó. Bí gíà bá ti jẹ, tí àyè wà láàárín eyín rẹ̀, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn elevator náà jìgìjìgì, ó sì lè fà á ya kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Torí náà olùyẹ̀wò á tan rìmóòtù, á fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú etí elevator, á rọra mì ín sókè sódò. Bó bá mì tí servo kò mì, ó parí, ọkọ̀ náà kò lè gbéra. Lẹ́yìn náà ló ń wo bátìrì. Agbára servo tí wọ́n kọ sára páálí lè jẹ́ ti 8.4 folti, ẹni tó bá fún un ní 6 folti ti pàdánù lára rẹ̀. Bí gbogbo servo bá sì jọ fa iná lẹ́ẹ̀kan náà tí wáyà kò gbà á, ẹ̀rọ tó ń gbọ́rọ̀ rìmóòtù lè kú lókè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so bátìrì méjì mọ́ jẹ́ẹ̀tì. Ní ìparí, wọ́n á dín agbára rìmóòtù kù, awakọ̀ á rìn jìnnà sí ọkọ̀, olùyẹ̀wò á dúró tì í láti rí i pé gbogbo rẹ̀ ṣì ń gbọ́.

Ní Nàìjíríà tiwa, ìwé àṣẹ ló ṣáájú. Lọ́dún 2016, NCAA, àjọ tó ń ṣàbójútó ọkọ̀ òfuurufú, kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fò ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ nínú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Mi ò rí àṣìṣe kankan nínú ìyẹn nílùú tí ogun Boko Haram ń dà láàmú. Ní January 2025 ni àwọn ológun fòfin de drone ní gbogbo àríwá ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kì í mi elevator wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti gbogbo agbègbè wa. Ojú ọ̀run Ìjẹ̀bú kò ṣófo: pápákọ̀ òfuurufú Gateway wà ní ìtòsí Ìpẹru àti Ìlíṣàn, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó sì ń kọjá. Ní November 7, 1996, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ilé iṣẹ́ ADC kan ti ń yẹra fún òmíràn ló ti já nítòsí Ẹ̀jìrìn, èèyàn 144 sì kú. Ẹni tó bá fẹ́ gbé jẹ́ẹ̀tì wá sí Ìmùṣin gbọ́dọ̀ rántí èyí, kó rántí oko àti ilé ẹ̀kọ́ tó yí pápá tó fẹ́ lò ká.

Síbẹ̀ mi ò fẹ́ ká torí ẹ̀rù dí ọ̀nà yìí mọ́ àwọn ọmọ wa. Ọmọ ogun òfuurufú wa ti gbé drone tí wọ́n pè ní Gulma jáde ní Kàdúná lọ́dún 2013, wọ́n gbé òmíràn, Tsaigumi, jáde lọ́dún 2018. Ọmọ tó bá mọ servo yàn lónìí lè wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ìjẹ̀bú tó mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ṣe, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, níbi tí ẹgbẹ́ ti lè bá ọmọ ẹgbẹ́ wí kó sì gbà, kò ní ṣaláì mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹgbẹ́ onípápá kan sílẹ̀. Àwọn tó lè jẹ́ olùyẹ̀wò wà: òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ológun òfuurufú, onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú tó kàwé ní Zaria, olùkọ́ Poli tó mọ iná. Kí NCAA gbà wọ́n wọlé, kí wọ́n fún wọn ní fọ́ọ̀mù àti àṣẹ láti sọ pé jẹ́ẹ̀tì yìí kò ní fò lónìí, kódà bó jẹ́ olówó ìlú ló ni ín.