Òkúta Akọ àti Ohun Tí Ó Mú Un Dúró

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ònkàwé wa li ó ti bá òkúta akọ pàdé nínú Bíbélì, níbi tí a ti kà pé Ọlọ́run mú omi ti inú rẹ̀ jáde fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Àwọn baba wa pẹ̀lú mọ̀ ọ́n lára ìbọn ṣakabùlà, nítorí òun li ó ń ta iná sí ẹ̀tù. Ṣùgbọ́n ní ìlà-oòrùn àti gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta yìí kan náà ni wọ́n fi kọ́ odi, ilé àti ìjọsìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́.

Inú ilẹ̀ ẹfun li a ti ń rí i. Àwọn amòye sọ pé ilẹ̀ ẹfun náà jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ní ohun tí ó lé ní 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀dá kan ń gbé inú òkun náà tí egungun wọn dàbí dígí. Nígbà tí wọ́n kú, egungun wọn yọ́, ó sì tún dì di òkúta nínú ẹfun. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, inú rẹ̀ dúdú. Ó le púpọ̀, síbẹ̀ bí a bá mọ ibi tí a ó gbá, a là bí dígí, etí rẹ̀ a sì mú bí abẹ. Ní Grime's Graves ní Norfolk, àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ ihò tí ó ju 400 lọ ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì fi ìwo àgbọ̀nrín wa òkúta yìí.

Fún ọ̀mọ̀lé, òkúta líle ọkàn ni. Ó kéré, ó rí wọ́gọwọ̀gọ, kò fa omi mu, kò sì rọrùn láti gbẹ́ ní igun mẹ́rin. Nítorí náà li àwọn ará Róòmù, nígbà tí wọ́n ń mọ odi Burgh Castle, fi bíríkì pẹlẹbẹ sí àárín rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ kí ó lè so pọ̀. Odi náà ṣì dúró títí di òní. Ní Norwich, àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ Guildhall ní ọdún 1407 la òkúta náà, wọ́n sì kọ ojú dúdú rẹ̀ síta.

Ẹfun tí a sun lórí iná, tí a pò mọ́ yanrìn, ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Ẹfun yìí kì í tètè gbẹ. Ọ̀mọ̀lé a mọ díẹ̀, a sì dúró. Bí ó bá kánjú, ògiri a wú, a sì wó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi sìmẹ́ǹtì tún irú odi bẹ́ẹ̀ ṣe, wọ́n rò pé ohun tí ó le jù li ó dára jù. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì há omi mọ́ inú ògiri. Nígbà òtútù omi náà a di yìnyín, a sì fọ́ ohun tí ó ti dúró fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ẹfun rírọ̀ ni í jẹ́ kí odi mí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ní Brandon ní Suffolk, àwọn ọkùnrin wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa la òkúta yìí fún ìbọn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lò ó nígbà ogun Napoleon. Lẹ́yìn náà wọ́n kó púpọ̀ wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Eruku òkúta náà wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ń là á, ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn láìtọ́jọ́. Bóyá òkúta tí baba ńlá wa fi pa ẹtu gba ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn kọjá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí a bá rí ilé tí ó pẹ́, kí a má ṣe yin òkúta nìkan. Ẹ jẹ́ kí a rántí sùúrù tí ó so ó pọ̀, àti èémí àwọn tí ó là á.