Ẹyọ méjì, orúkọ kan: báwo ni a ṣe lè dá wọn mọ̀?

Bí a bá ń kó ọ̀rọ̀ jọ ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́, tí a sì kan ẹyọ, ohun tí a máa ń ṣe kò ju ọ̀kan lọ: a ó kọ "cauris" sí iwájú rẹ̀ ní èdè Faransé, a ó sì kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni orúkọ kan yìí dúró fún, ìyàtọ̀ wọn sì ní ìtàn nínú.

Ìkarahun ẹran kékeré inú òkun, ìbátan ìgbín, ni ẹyọ. Ní ọdún 1758, Linnaeus sọ ẹ̀yà méjèèjì lórúkọ ní èdè Látìnì: moneta, èyí tí ó jẹ mọ́ owó, àti annulus, èyí tí ó túmọ̀ sí òrùka. Kò sí èyí tí ó ń gbé inú òkun tiwa. Òkun Íńdíà àti òkun Pàsífíìkì ni ibùgbé wọn. Moneta ti erékùṣù Maldives ni ọkọ̀ àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ ń kó wá sí Ouidah ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, tí wọ́n fi ń ra ẹrú. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò ará Hamburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó annulus wá láti Zanzibar.

Báwo ni a ṣe máa dá wọn mọ̀? Àwa tí a kọ́ nípa fóníìmù mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àbùdá ló ń ṣe ìyàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹyọ. Eyín wà ní ẹnu àwọn méjèèjì, nítorí náà eyín nìkan kò ràn wá lọ́wọ́. Ìtóbi náà kò tó, nítorí pé nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, a rí kékeré, a rí ńlá. Àwọ̀ sì máa ń ṣá bí ó bá pẹ́.

Ibi mẹ́ta ni kí a wò:

1. Ẹ̀yìn. Annulus ní òrùka aláwọ̀ wúrà tí ó hàn kedere yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n moneta náà lè ní òrùka tín-ín-rín tí kò hàn dáadáa, nítorí náà kí a má dúró síbẹ̀.

2. Etí. Etí moneta nípọn, ó sì ní kókó kéékèèké, pàápàá ní apá ibi tí ó ti fẹ̀. Etí annulus ń dán ní tirẹ̀.

3. Ìrísí lápapọ̀. Moneta ní igun-igun. Annulus rí roboto bí ẹyin.

Ìṣòro kan wà. Ọ̀pọ̀ ẹyọ tó wà nílé àwọn àgbà ni wọ́n ti lu ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n lè sín in, tàbí kí wọ́n lè fi dá ẹẹ́rìndínlógún. Òrùka ti bá ẹ̀yìn lọ nìyẹn. Ẹ dá a dé, kí ẹ wo etí àti igun.

Kí ló kan onímọ̀ èdè níbẹ̀? Ẹ wo òǹkà owó wa. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan; àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2.000, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20.000. Iye ni òǹkà yìí ń kà, kì í ka ìwọ̀n. Annulus tí ó tóbi tí ó sì wúwo, ọ̀kan ni. Moneta kékeré, ọ̀kan náà ni. Annulus rọrùn láti rà ní Zanzibar, nítorí náà àwọn oníṣòwò kó o wá títí owó ẹyọ fi di yẹpẹrẹ. Ẹni tí ó ti fi ọ̀kẹ́ pamọ́ ṣì ní ọ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè fi rà ti dín kù. Lẹ́nu ọ̀rọ̀, ọ̀kẹ́ ṣì ń jẹ́ ọ̀kẹ́.

A lè sọ pé lọ́jà, ẹ̀dà fóníìmù kan ṣoṣo ni ẹyọ méjèèjì. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ìtàn, fóníìmù méjì ni wọ́n. Igbá ẹyọ tí annulus pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún 1845 ni wọ́n kó o jọ. Annulus kan tàbí méjì kò tó ẹ̀rí, nítorí pé díẹ̀ ti wọlé ṣáájú.

Nítorí náà, bí àgbà kan bá kó ẹyọ jáde fún wa, ẹ jẹ́ kí a ya àwòrán ẹ̀yìn àti inú, kí a ka iye ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí a sì bi í bóyá èyí tí ó tóbi ní orúkọ tirẹ̀ ní ìlú náà. Lẹ́yìn èyí ni kí a tó kọ "cauris".