Òrùlé Èjìká àti Iṣan Tí A Rán

Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè ní Ilé-Ogbó a máa gbé ọkọ́ sókè láìmọye ìgbà lójúmọ́. Èjìká ni ó ń ru iṣẹ́ náà. Iṣan mẹ́rin ni ó di orí egungun apá mú sí àyè rẹ̀. Èyí tí ó wà lókè gba abẹ́ egungun kan tí ó ṣíji bò ó bí òrùlé.

Òrùlé yìí kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Ní 1986, Bigliani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín in sí mẹ́ta: èyí tí ó tẹ́, èyí tí ó tẹ̀, àti èyí tí ó rí bí ìwọ̀. Abẹ́ èyí tí ó rí bí ìwọ̀ ni wọ́n ti rí iṣan tí ó já jù. Bí òrùlé bá sì yọ síta púpọ̀, ẹrù iṣan náà a wúwo sí i.

Ǹjẹ́ èyí ha lè dí ìwòsàn lọ́wọ́ lẹ́yìn tí oníṣẹ́-abẹ bá ti rán iṣan mọ́ egungun? Àwọn olùwádìí kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn mìíràn kò gbà. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú: ọ̀pọ̀ oṣù ni iṣan fi ń lẹ̀ mọ́ egungun. Alárùn kò lè yan òrùlé èjìká rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè fi ọkọ́ sílẹ̀ títí àkókò yóò fi pé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.