Ìtọ́jú Tábìlì àti Ilẹ̀ Tí Wọ́n Fi Epoxy Ṣe

Ohun olómi méjì ni wọ́n ń pò pọ̀ kó tó di epoxy: resin àti hádínà tó ń mú un le. Bó bá ti gan, kì í yọ́ padà di omi mọ́. Òun ni àwọn káfíńtà ń dà sórí tábìlì tó fi ń dán gbinrin, òun náà ni wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí. Ó lè ṣe é fọwọ́ kàn lọ́jọ́ kejì, àmọ́ ó tó nǹkan bí ọjọ́ 7 kó tó gbó dáadáa.

Yanrìn ló ń bà á jẹ́ jù. Ní Amukòkò àti Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó, bí òjò bá dá, ẹrẹ̀ á bá bàtà wọlé. Bó bá gbẹ, yanrìn inú rẹ̀ á máa ha ilẹ̀ bíi sáńpépà. Nítorí náà, ìgbálẹ̀ rírọ̀ ló ṣáájú àkísà. Ẹni tó bá sáré ki àkísà tútù bọ̀ ọ́, yanrìn ló fi ń fọ̀ ọ́ yẹn. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ olómi díẹ̀ ti tó. Kànìnkànìn onírin, Jíìkì àti acetone tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ kò bá a mu.

Ìkòkò àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná lè fi àpá róbótó sílẹ̀ lójú tábìlì, kí wọ́n yáa fi nǹkan tẹ́ ẹ. Wọ́n lè fi pólíìṣì pa àpá híha fẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́. Epoxy tí oòrùn bá ti sọ di pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ mọ́.