Aboyún àti Àgò Adìẹ: Ọwọ́ Ta Ni Ó Yẹ Kí Ìgbálẹ̀ Wà?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní agbo ilé kan ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Aya ilé kan tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù karùn-ún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbá ìmí adìẹ nídìí àgò. Ìyá ọkọ rẹ̀ wò ó títí, ó ní: "Ìyàwó wa, gbé ìgbálẹ̀ yẹn fún mi. Láti òní lọ, èmi ni n óò máa tọ́jú àwọn adìẹ yìí." Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní: "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ má ṣe ìyọnu, iṣẹ́ kékeré ni." Ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ ìgbálẹ̀.

Kí ni ó fà á? Àgbébọ̀ mẹ́fà àti àkùkọ kan ni obìnrin yìí ní, owó ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì fi rà wọ́n. Ẹ̀rù ń bà á pé adìẹ tí ó bá kúrò lọ́wọ́ òun lónìí lè di adìẹ ẹbí lọ́la. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ ń bẹ̀rù nítorí ọmọ inú. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni ó jàre.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ti ìyá àgbà yẹ̀ wò. Adìẹ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbé kòkòrò àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Salmonella sínú ìfun rẹ̀. Bí ìmí adìẹ bẹ́ẹ̀ bá ti ọwọ́ ènìyàn dé ẹnu, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ni yóò tẹ̀ lé e, ara aboyún kì í sì í lágbára tó bí ti àtẹ̀yìnwá láti bá irú rẹ̀ jà. Òmíràn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Toxoplasma. Inú ìmí ológbò ni ó ti ń wá, ṣùgbọ́n ó lè fara pamọ́ sínú erùpẹ̀ tí adìẹ ń fi ẹsẹ̀ wa jẹ. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara obìnrin nígbà tí ó lóyún, ó lè ba ojú tàbí ọpọlọ ọmọ inú jẹ́.

Àrùn adìẹ tí a mọ̀ jù ni lúkúlúkú. Kì í sábà pa ènìyàn. Bí ó bá ṣe ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, kì í sábà ju kí ojú rẹ̀ pọ́n fún ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2006, a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé fúlúù àwọn ẹyẹ ti bẹ́ sílẹ̀ ní oko adìẹ kan ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Nígbà tí ó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Bí adìẹ bá ń kú lójijì, ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin àrùn méjèèjì. Nítorí náà, aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkú adìẹ rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tu ìyẹ́ rẹ̀ láti sè é jẹ.

Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé, kí ni àṣà wa sọ sí i? Èèwọ̀ aboyún tí mo gbọ́ dàgbà, ẹnu ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣọ́. Wọ́n ní kí ó má jẹ ìgbín, kí ọmọ má baà máa da itọ́. Bẹ́ẹ̀ ìgbín tí ó jinná dáadáa àti ẹyin tí a sè tí ó yi jẹ́ oúnjẹ tí ń mú ara aboyún le. Ọwọ́ ni ó yẹ kí a máa ṣọ́ nídìí àgò, n kò sì gbọ́ èèwọ̀ kan tí ó mẹ́nu ba ìyẹn.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ nìkan kọ́ ni àṣà. Àwọn baba wa ní ètò mìíràn: a máa ń fi ẹran tàbí adìẹ fún ẹlòmíràn sìn. Bí àgbébọ̀ bá pamọ, olówó rẹ̀ àti ẹni tí ń sìn ín yóò pín àwọn òròmọdìẹ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn. Ìyá adìẹ kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ yí ọwọ́ padà. Ti olówó rẹ̀ ni. Ẹ ò rí i pé àṣà yìí gan-an ni ó bá ọ̀rọ̀ aboyún mu? Kò ní tìtorí oyún ta adìẹ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, kò sì ní fi ọmọ inú wewu.

Bí kò bá sí ẹni tí yóò bá a sìn ín, kí ó kéré tán wá ẹni tí yóò máa gbá ìdí àgò, tí yóò máa pa adìẹ, tí yóò sì máa fín oògùn kòkòrò. Bí kò bá rí ẹnìkan rárá, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó fi aṣọ bo imú àti ẹnu, kí ó wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà sọ. Bàtà tí ó wọ dé ìdí àgò kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná. Bí ó bá ṣe tán, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa. Ibikíbi tí adìẹ bá sì ti ń rìn kiri, yálà ní agbo ilé tàbí ní yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà ní Ìjagun, kí a má jẹ́ kí ó máa sùn síbi oúnjẹ. Bí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú aboyún, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ń sin adìẹ.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo wí yìí, bàbá àgbà kan nínú ilé náà ni ó parí ọ̀rọ̀. Ó pe ọkọ, ó pe ìyá ọkọ, wọ́n ka adìẹ méjèèje lójú gbogbo wọn, wọ́n sì dá àdéhùn lórí òròmọdìẹ. Ìgbà yẹn ni aya ilé tó jọ̀wọ́ ìgbálẹ̀. Ìyá ọkọ gbà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ìyàwó wa, ìwọ wá jókòó jẹ́jẹ́. Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀."